Onígbáméjì àti Kànga Ilé Wa: Sí Àníkẹ́ Ọmọ Mi

Ilé wa, Ìwó,
lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Àníkẹ́ mi, Bàrákátù ọmọ-ọmọ Alùfáà,

Òjò ń rọ̀ bí mo ṣe jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kọ ìwé yìí sí ọ. Kì í ṣe òjò líle. Òjò wẹ́liwẹ́li ni, irú èyí tí èèyàn kì í gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, àfi kó wo ojú ilẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ń rọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá rẹ ti sùn lọ lórí àga, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti pè wá pé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé etí odò yẹn ni wọ́n gbé ọ lọ ṣiṣẹ́, ọkàn mi ò sí nílé mọ́. Bí mo bá pa ojú dé, mo máa ń rí ọ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ, o dúró létí omi kan tí n ò dé rí, àwọn obìnrin pọnmọ, wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá ọ nínú kùrukùru, n kì í sì í rí ojú wọn.

O sọ fún mi lórí fóònù pé omi odò náà ni wọ́n ń mu, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, bèbè rẹ̀ náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. O ní, "Mọ́mì, bí òjò bá fi lè pọ̀, onígbáméjì ni mò ń bẹ̀rù." O wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kó ọkàn sókè. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Mo mọ̀ pé ìwé tí o kà lórí àrùn ju tèmi lọ. Tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n onígbáméjì ti wọ inú ilé yìí rí, kí a tó bí ọ. Bàbá rẹ kì í fẹ́ ká sọ ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí pé kí ló dé tí pèpéle sìmẹ́ńtì róbótó wà láàárín agbo ilé wa, níbi tí ẹ̀yin ọmọdé ti máa ń ta tẹ́ǹ-tẹ́ǹ. Mo ní kí o lọ ṣeré. O ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ rẹ sì ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Jókòó, kí o gbọ́ ọ.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá láti Olúpọ̀nnà ni, sínú agbo ilé yìí, lọ́dọ̀ Alùfáà tó bí bàbá rẹ, àti Màmá, ìyàwó rẹ̀. Mo ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, bí mo bá dé, màá pọnmi. Àárín agbo ilé ni kànga wa wà. Bàbá tó bí Alùfáà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga gbogbo àdúgbò bá gbẹ, tiwa kì í gbẹ. Àwọn èèyàn máa ń rìn wá láti òdìkejì títì wá bu ún mu, wọ́n á sì ṣàdúrà fún àgbàlagbà tó gbẹ́ ẹ. Bí mo bá tẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ ní kùtùkùtù, ojú ọ̀run ni mo máa ń rí nísàlẹ̀, ó rí róbótó, orí tèmi á wà láàárín rẹ̀, ìkùukùu á máa kọjá lẹ́yìn mi. Mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo wà lójú ọ̀run, tí mo ń wo ara mi láti òkè. Mo sì gbà pé omi tó bá lè gbé ojú ọ̀run dání báyẹn, kò lè gbé ibi dání.

Èrò ọmọdé gbáà ni. Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ṣáláńgá wa wà lẹ́yìn ilé, lápá òkè, ilẹ̀ sì da gẹ̀rẹ́ láti ibẹ̀ wá síbi tí kànga wà. Bí òjò bá pọ̀, ohun tó wà lókè á máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀, kò ní dágbére fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọmọ mi, ní abúlé yẹn, fẹsẹ̀ rìn yíká ná. Wo ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, wo ibi tí wọ́n ti ń yàgbẹ́, kí o sì wo ibi tí àgbàrá ń ṣàn gbà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ fún ọ kí èèyàn tó sọ̀rọ̀.

Àǹtí Ràlíà rẹ, tó ń ta aṣọ lọ́jà báyìí, tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbádùn tó bá wá kí wa, ọmọge ni nígbà náà. Àbúrò bàbá rẹ ni. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Mo fún un lórúkọ tèmi: Eyínfúnjowó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Eyínfúnjowó." Òun náà á dáhùn pé, "Ìyàwó, ṣé o jí dáadáa?" Á wá bú sẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á sì máa tàn. Òun ni ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́ nílé yìí. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí Màmá fẹ́ àti ohun tí Màmá ò fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, mo rí i tó ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ó di ikùn mú.

"Ìyàwó, ẹ̀wà àná ń bá mi jà o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n po ẹ̀kọ gbígbóná fún yín."

Kò tíì mu ẹ̀kọ náà tó fi sáré padà. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, n ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní ní yàrá Màmá. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú lọ. Ètè rẹ̀ gbẹ. Awọ ìka rẹ̀ hunjọ bí ti ẹni tó fọ aṣọ láti òwúrọ̀. Ara rẹ̀ ò gbóná, ńṣe ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, iṣan ẹsẹ̀ sì ń fà á. Ó ń bì, ó sì ń yàgbẹ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ náà kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́. Omi ni, ó funfun bàìbàì bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Ràlíà tó ń sọ̀rọ̀ bí odò tó kún, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ewé gbígbẹ.

Fi ojú yẹn sọ́kàn, Àníkẹ́. Bí o bá ti rí i, o ti rí onígbáméjì. Fi ìka méjì fa awọ ikùn aláìsàn náà sókè, kí o fi í sílẹ̀: bí kò bá tètè padà, omi ti tán lára nìyẹn. Bi í pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn. Bu ìgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí o sì ta àwọn onílera ìjọba ìbílẹ̀ lólobó lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn yìí kì í dá ẹnìkan ṣoṣo wá wò. Ṣùgbọ́n má jókòó de èsì àyẹ̀wò. Èsì á bá ọ lẹ́nu iṣẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni àrùn yìí fi ń sọ èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín di òkú.

Màmá jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fún wọn lómi mu."

"Omi kẹ̀? Ìyàwó, ojú rẹ ò rí i ni? Èyí tó bá mu náà ló ń tú jáde. Jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ, á dá."

Kì í ṣe ìkà, ọmọ mi. Ọmọ inú rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ létí odò, bóyá àgbà obìnrin tó ti tọ́ ọmọ jù ọ́ lọ ni yóò sọ ọ́. Má kanra mọ́ wọn. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń wí: omi wọlé, omi jáde. Sọ fún wọn pé ìkòkò tó ń jò, bí a ò bá bù sí i, ó ń gbẹ ni. Ẹ jẹ́ ká máa bù sí i títí ihò náà á fi dí.

Èmi ò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá ọkọ lẹ́nu. Mo dìde, mo lọ bá Alùfáà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú.

"Bàbá, Eyínfúnjowó ń lọ o."

"Ó ń lọ síbo?"

Ó wo ojú mi, ó sì gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín nílé ìwé nípa rẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dìde, ó rọra rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, kò wọlé. Ó fi orúkọ bàbá rẹ pè é, ó ní, "Ìyá Jímọ̀, bí ilé bá ń jó, omi la máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó fún un."

Màmá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ lọ mú ṣúgà jáde nínú àpótí.

Bí mo ṣe pò ó nìyí, ìwọ náà kọ́ gbogbo ìyá abúlé yẹn títí wọ́n á fi lè kà á bí orin, torí àpò oògùn onílẹ́búlẹ́bú tí ẹ ń pò mọ́ omi nílé ìwòsàn lè tán nígbàkígbà: lítà omi kan tí a ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá, nítorí náà, kí wọ́n tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ ju omijé lọ. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, kí wọ́n dà á nù.

Mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ó bì í. Mo dúró díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bì í. Ọ̀sán náà gùn bí ẹni pé oòrùn ti gbàgbé bí a ṣe ń wọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú lókèèrè, mo ń rí eruku tó ń fò nínú ìtànṣán tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ń ṣe mí bíi pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló di ṣíbí mú. Lẹ́ẹ̀kan náà ni mo rí i pé ojú Ràlíà ti ń yí sókè.

"Eyínfúnjowó." Kò dáhùn. "Eyínfúnjowó o!"

N ò mọ ìgbà tó já lẹ́nu mi. "Rálíátù! Rálíátù, gbé e mì!"

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Màmá. Ojú Ràlíà sì là, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

"Ìyàwó," ó ní, n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ, "o pe orúkọ mi."

"Mo pè é, mo jẹ̀bi. Ẹ mu omi yìí, kí ẹ lè rí agbára bá mi jà."

Ó mu ún. Bàbá rẹ ti wá ọ̀kadà dé. A gbé e sáàárín wa, mo di ìgò omi mú, bí a ṣe ń lọ lójú títì tó kún fún ihò yẹn ni mò ń tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lójú iṣan lápá méjèèjì. Mo jókòó tì í, mò ń wo omi náà tó ń kán tó, tó, bí ìrì láti orí ewé. Àníkẹ́, mo rí i bí èèyàn ṣe ń padà bọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Ojú rẹ̀ jáde wá láti ibi tó jìn sí. Ìka rẹ̀ ń móoru lọ́wọ́ mi. Bí ẹni tó ń wo àwòrán tí ọwọ́ kan tí kò hàn ń yà ló rí. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ó ní ebi ń pa òun.

Nítorí náà, ẹni tó bá lè mu, máa fún un mu, kódà bó ń bì. Ẹni tí kò bá lè mu mọ́, má fi àkókò ṣòfò, fa omi sí i lójú iṣan, kí ó wọlé kíákíá, bí kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ, máa kán omi oníyọ̀ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣì lè gbé e mì, bí ẹ ṣe ń gbé e lọ síbi tó wà. Kí ìyá ọlọ́mọ máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú lọ. Fún àwọn ọmọdé ní oògùn síǹkì. Àwọn oògùn apakòkòrò wà fún ẹni tó le lára rẹ̀ gan-an, bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ lò ó, kì í ṣe èyí tí wọ́n á sáré rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ mọ gbogbo èyí. Mò ń kọ ọ́ nítorí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n.

Ibi tí bàbá rẹ kì í fẹ́ ká sọ ni mo dé yìí.

Dókítà ti ní kí wọ́n má mu omi kànga láìsè é. Bàbá rẹ jíṣẹ́ náà délé. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n etí lásán ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Omi tó tọ́ bàbá àti ọmọ dàgbà, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sè é bí àgbo? Bí ọ̀kadà wa sì ṣe kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màmá ti kó gbogbo ẹní àti aṣọ tí Ràlíà sùn sí, ó gbé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní, kí ọmọ rẹ̀ lè bá ibùsùn tó mọ́ tó bá dé. Ìfẹ́ ló fi fọ̀ wọ́n. Omi ìfọṣọ náà ṣàn padà sẹ́nu kànga.

Nígbà tí àrùn náà mú Màmá pẹ̀lú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí o mọ irú èèyàn tí ìyá àgbà rẹ jẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i láìwé gèlè rí. Kì í jẹun níta. Bó bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, á kọ́kọ́ wò bóyá ọ̀nà ṣófo. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe ké pe àwọn ará ilé ọkọ pé kí wọ́n wá wo òun, òun ò lè dá ara òun dúró? Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn án, ó ní òun ń ṣe làsímù. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún àdúrà rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí Alùfáà fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a nínú aṣọ funfun, ó ti fi omi nu ara rẹ̀, ó dojú kọ ògiri. Ó dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ojú títì.

Èmi àti Ràlíà ò mọ̀. A ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, orí rẹ̀ ń yí i díẹ̀, ó fi ara tì mí, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìrì ṣì wà nílẹ̀. A rí èrò lórí ẹní níwájú ilé. Ràlíà ní, "Ìyàwó, wò ó, gbogbo wọn ló jáde wá pàdé mi." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí wọn. Kò sẹ́ni tó ju tirẹ̀ padà.

N kò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa àárọ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí: ìtìjú wà lára ohun tó ń pani. Kí o tó wá abẹ́rẹ́, wá aṣọ tí wàá ta bo ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ àgbà, kúnlẹ̀ kí i, pè é ní Màmá, pè é ní Bàbá, kí o sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí pé àrùn ló ń ṣe é, kì í ṣe àbùkù. Ní abúlé yẹn, lọ kan ilẹ̀kùn tó bá tì. Bí wọ́n bá ní ẹni inú ilé ń sinmi, ní o fẹ́ kí i. Bí wọ́n bá ní ó ń gbàdúrà, ní wàá dúró ṣe àmín. Má kúrò níbẹ̀ títí ojú rẹ á fi rí ojú rẹ̀.

Àwọn onílera wá, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ àti omi bílíìṣì kọ́ àwọn obìnrin tó wẹ òkú. Èyí náà ṣe pàtàkì, torí ara òkú ṣì ń kó o ranni. Ẹni tó bá wẹ òkú kò gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, kó sì fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.

Ọjọ́ fìdáù pé. Èrò wá láti Ilé-Ogbó, wọ́n wá láti Olúpọ̀nnà. Wọ́n ti to ààrò sẹ́yìnkùlé, wọ́n ti ń fa omi láti inú kànga sínú ìkòkò ńlá. Àwọn méjì kan nínú agbo ilé tí àrùn náà tún mú ṣì wà nílé ìwòsàn. Alùfáà jáde, ó dúró láàárín agbo ilé, ó ní kí wọ́n paná.

"A ò ní jẹun nílé yìí lónìí."

Ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Alùfáà, ṣé bí ẹni tí kò lẹ́bí lẹ fẹ́ ṣe àbúrò mi?"

"Ẹ má bínú, àna mi. Àdúrà ni òkú ń fẹ́, ẹ bá mi ṣe é. Ohun tó pa àbúrò yín ṣì wà nínú omi yìí. Bí mo bá fi se oúnjẹ fún yín, ta ni yóò ṣe fìdáù tiyín?"

Wọ́n ṣe àdúrà náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àmín tán, Alùfáà bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó mú ṣọ́bìrì. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó bu yẹ̀pẹ̀, ó dà á sínú kànga bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi gbẹ́ ẹ kí òùngbẹ má baà pa èèyàn," ó ní, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Bí wọ́n bá wà láàyè lónìí, àwọn ni ì bá dí i."

Ẹ̀gbọ́n Màmá ló kọ́kọ́ lọ mú ṣọ́bìrì kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ. Mo ṣì ń gbọ́ yẹ̀pẹ̀ náà tó ń bọ́ sínú omi, bùm̀, bùm̀, bí ẹni tó ń mí lójú oorun, títí kò fi dún bí omi mọ́. Pèpéle sìmẹ́ńtì tí ẹ máa ń ta tẹ́ǹ-tẹ́ǹ lórí rẹ̀, orí kànga náà ni wọ́n rẹ́ ẹ sí.

Ṣùgbọ́n gbọ́, Àníkẹ́: kí Alùfáà tó dí tiwa, ó ti lọ bẹ àwọn ará ilé tó ní ẹ̀rọ omi lójú títì pé kí wọ́n jẹ́ ká máa pọn níbẹ̀. Má sọ fún èèyàn láé pé kó má mu omi kan láìfi òmíràn hàn án. Àwọn ará abúlé yẹn fẹ́ràn odò wọn. Odò náà ló bọ́ àwọn bàbá wọn. Bí o bá bú u, ẹbí wọn lo bú. Sọ pé ara odò ò yá, ká jọ tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n sè é, tàbí kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò inú omi sí i bí ẹ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbé e sínú ohun tó ní ìdérí. Kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí odò, sápá ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Kí ọṣẹ wà níbi tí ọwọ́ ti ń jáde láti ṣáláńgá àti níbi tí ọwọ́ ti ń wọ inú àwo oúnjẹ. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ ní gbígbóná. Àwọn obìnrin ni kí o bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n wá ẹnìkan tí abúlé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ìmáàmù ni o, baálẹ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jáde kì í pẹ́ wọlé.

Ó ku kan. Ẹnìkan lè kú lọ́wọ́ rẹ. Mi ò gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ó bá ọ lójijì. Lọ́jọ́ náà, fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, wá ibì kan jókòó, sunkún bó bá fẹ́ wá, kí o sì jẹun. Lẹ́yìn náà, dìde lọ bá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, torí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ìwọ náà, má mu omi tí o ò sè. Má jẹ́ kí iṣẹ́ mú ọ gbàgbé ara rẹ. Ẹni tó ń yọ èèyàn nínú omi, ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀.

Òjò ti ń dá. Bàbá rẹ ti jí, ó ń bi mí pé kí ni mò ń kọ látẹ̀ẹ̀kan. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ ọmọ mi. Ó wo ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé òun ò bínú pé mo sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run fi ìwòsàn sí ọ lọ́wọ́. Ibi tí o bá dé, kí àárẹ̀ máa yẹra. Bí o ṣe ń jáde tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú tèmi fún mi.

Pè mí lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Má ro ti àkókò, má rò pé bóyá mo ń sùn. Pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ bí ohùn rẹ yóò ṣe rí lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni,
Àṣàbí ìyá rẹ.